Ọ̀rọ̀ Márùn-ún Tí Mo Fagi Lé Nínú Ìwé Tíṣà

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti òǹkàwé mi. Ìròyìn àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń gbé wá fún yín, ṣùgbọ́n ti ara mi ni mo fẹ́ rò lónìí. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni mo fi báírò pupa fagi lé lójú ìwé kan. Nítorí ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn, ọmọ kan wá bàbá rẹ̀ títí, kò rí i, àfi ìgbà tí a ti sin ín.

Èmi ni mo fagi lé e. Kì í ṣe ẹlòmíràn.

Bàbá náà ni Tíṣà Fámúrewá, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Igbemo. Ọmọ náà ni Mojísọ́lá, òun nìkan ṣoṣo ni Tíṣà bí, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé. Ọdún tó kọjá, ìyẹn 1998, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ní Adó-Èkìtì níbí, nínú ilé ìtura oníyàrá mẹ́sàn-án kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Adébáyọ̀.

Tíṣà ló kọ́ mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Igbemo. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, ẹ mọ irú tíṣà tí mò ń sọ! Báírò pupa kì í kúrò lápò rẹ̀. Tó bá ti máàkì iṣẹ́ rẹ, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá lọ bá a pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi máàkì kan kún un fún mi," ẹgba ló máa gbà. Tíṣà á ní, "Iṣẹ́ tí wọ́n bá ti máàkì, wọ́n ti máàkì ẹ̀. A kì í tọrọ máàkì!" Títí di òní, tí ọ̀gá mi ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn bá gé ìròyìn mi sí méjì, n kì í bá a jiyàn. Tíṣà ti na iyàn jíjà kúrò lára mi.

Mojísọ́lá fi kíláàsì méjì kéré sí mi. Mo mọ̀ pé ó ti lọ sí òkè òkun, mo sì mọ̀ pé ìjà ló bá lọ. Ọkùnrin tó fẹ́ ni Tíṣà kò fẹ́. Ó kọ lẹ́tà sílé, Tíṣà dá a padà láì já a. Ó rán èèyàn wá bẹ bàbá rẹ̀, Tíṣà lé onítọ̀hún jáde. Níkẹyìn, Tíṣà dìde níwájú gbogbo ẹbí, ó búra pé títí òun á fi kú, òun ò ní wá ọmọ náà, òun ò sì ní rán ẹnikẹ́ni kó bá òun wá a.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Mojísọ́lá létí rẹ̀. Èmi náà ò dárúkọ ẹ̀. Ta ló fẹ́ rí ojú Tíṣà nígbà tó bá ń bínú?

Ẹ rántí bí Adó ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá ilé, kọńtíráítọ̀ ń wá ibi tí yóò sùn, àwọn mìíràn ń sùn sínú mọ́tò wọn! Ìyàwó Tíṣà ti kú nígbà náà. Tíṣà ti ilé Igbemo pa, ó wá sí Adó, ó kọ́ ilé ìtura. Ó dára, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn?

Bí Gbóyèga ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Gbóyèga ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adébáyọ̀. Ó sọ fún Tíṣà pé ayé ti ń lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé òun lè ṣe ojú ìwé kan fún ilé ìtura náà, kí ẹni tó wà ní Abuja tàbí ní Amẹ́ríkà lè rí i kó tó gbéra nílé. Ó ní òun máa ṣe é sínú díìsìkì, òun á wọ mọ́tò gbé e lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bá òun gbé e sókè.

Mo rò pé Tíṣà á lé e ni. Kò lé e! Ó ní kí Gbóyèga jókòó. Ó bi í pé, ẹni tó wà lókè òkun, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ojú ìwé náà wà?

Gbóyèga ní ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń bá èèyàn wá nǹkan. Onítọ̀hún á tẹ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì kó gbogbo ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà jáde. Nítorí náà, ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí àlejò rẹ̀ máa tẹ̀, kó tètè fi í pamọ́ sẹ́yìn ojú ìwé rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ náà nìkan ti máa rí i. Ó ní ogún ọ̀rọ̀ péré ni òun lè gbà.

Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Dípọ̀, iṣẹ́ rẹ ni kí o máa bi èèyàn léèrè. Lọ bá mi bi wọ́n. Kí ni àlejò máa ń wá?"

Mo lọ! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró ní gáréèjì pẹ̀lú ìwé àti báírò, tí mò ń bi àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́kadà pé, tí àjèjì bá sọ̀ kalẹ̀, irú hòtẹ́ẹ̀lì wo ló máa ń ní kí ẹ gbé òun lọ?

Ọlọ́kadà kan ní, "Ọ̀gá, ta ní ń béèrè orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì? Ulé tí jẹnẹrétọ̀ bá wà, tí ẹ̀fọn ò sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ."

Awakọ̀ kan tó ń ná Abuja ní gbogbo ẹni tí òun ń gbé ló ń béèrè ibi tó sún mọ́ sẹkitéríàtì. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní àwọn kọńtíráítọ̀ kì í béèrè ju ibi tí tẹlifóònù wà lọ. Ni ọlọ́kadà kejì bá bú sẹ́rìn-ín: "Àwọn kan ń béèrè ibi tí ìyàwó wọn ò ti ní rí wọn! Ṣé ìwọ náà máa kọ ìyẹn síwèé?"

N kò kọ ìyẹn. Mo kọ ìyókù. Hòtẹ́ẹ̀lì Adó-Èkìtì. Hòtẹ́ẹ̀lì ìtòsí sẹkitéríàtì. Jẹnẹrétọ̀. Omi ẹ̀rọ. Tẹlifóònù. Ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀, ó pé ogún géérégé. Inú mi dùn, àfi bí ẹni tó gba máàkì pípé!

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Tíṣà ní fàráǹdà ilé ìtura. Ó ti ń dúró dè mí. Òun náà ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú ìwé ọmọ ilé ìwé kan, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ gbọọrọ tí gbogbo wa mọ̀. Márùn-ún ni.

Igbemo. Ìrẹsì Igbemo. Tíṣà Fámúrewá. Ìyá Mojí. Àbẹ̀ní.

Ẹ wò ó, ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti rí i. Èmi tí mo ti ń fi ìbéèrè jẹun láti ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò rí i. Mo rò pé Àbẹ̀ní ni orúkọ obìnrin tó ń se oúnjẹ fún un.

Mo ní, "Tíṣà, ogún péré ló gbà. Tiyín àti tèmi jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Márùn-ún gbọ́dọ̀ jáde."

Ó wò mí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ báírò pupa, ó nà án sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe ìwádìí. Ìwọ ni kí o máàkì."

Ẹ ò mọ bí orí mi ṣe wú! Tíṣà Fámúrewá ní kí n máàkì iṣẹ́ òun! Mo fagi lé Ìrẹsì Igbemo. Mo fagi lé Ìyá Mojí. Mo fagi lé Àbẹ̀ní. Nígbà tí mo dé orí orúkọ Tíṣà fúnra rẹ̀, mo fagi lé òun náà, mo ṣàlàyé fún un pé òwò ni èyí, kì í ṣe ilé ìwé, kò sí àlejò tó máa tẹ orúkọ tíṣà kó tó wá ibi tí yóò sùn. Ojú ìwé náà gan-an, níbi tó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí nísàlẹ̀, mo yọ ọ́, mo ní kí Gbóyèga kọ "Àwọn Aláṣẹ" síbẹ̀.

Ó ku Igbemo. Tíṣà fi ìka lé e.

"Èyí náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Abuja ò mọ ibi tó ń jẹ́ Igbemo."

"Tí ẹni tó mọ Igbemo bá wà lókè òkun ńkọ́? Tó ń wá a?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mi, mo rẹ́rìn-ín! Mo ní, "Tíṣà, ẹni tó bá mọ Igbemo, kí ló fẹ́ fi hòtẹ́ẹ̀lì ṣe? Ṣebí ilé bàbá rẹ̀ ló máa lọ."

Ó mú ìka rẹ̀ kúrò lórí ìwé náà. Ó ní, "O gbà á." Mo sì fagi lé e.

Kò bẹ̀ mí. Báwo ló ṣe máa bẹ̀ mí? Òun ló kọ́ mi pé a kì í tọrọ máàkì.

Ojú ìwé náà ṣiṣẹ́, n kò ní parọ́. Àwọn èèyàn pè láti Abuja, láti Kàdúná. Òyìnbó kan tó wá nítorí kànga gbígbẹ́ sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo Adébáyọ̀ ń kí Tíṣà. Ṣùgbọ́n tí Gbóyèga bá ti Ìbàdàn dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Tíṣà máa ń bi í: ṣé ẹ̀rọ yẹn ń sọ ìlú tí àwọn tó ń wò ó ti wá? Gbóyèga ní kì í sọ ọ́. Tí tẹlifóònù bá dún ní rìsẹ́pṣọ̀n, Tíṣà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dìde.

Yàrá kẹsàn-án sì wà níbẹ̀ tí kì í fún ẹnikẹ́ni. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kan pé àbí gómìnà ló ń retí? Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ó ṣubú ní fàráǹdà yẹn kan náà, láàárọ̀, bó ṣe fẹ́ lọ gbé tẹlifóònù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní. Ọjọ́ méjì ló lò ní ọsibítù. Igbemo la sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ sì kọrin débi tí ohùn wọn fi há.

Mo kọ ìròyìn ikú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa. Ìpínrọ̀ mẹ́rin péré ni. Mo kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, mo kọ Igbemo dáadáa, mo sì kọ ilé ìtura tó ní ní Adébáyọ̀. Ìwé ìròyìn wa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti Èkó nígbà náà ni. N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé ìtura, pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Ìyá Ṣadé, tó ń tọ́jú ilé náà, ló ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti mọ̀ ọ́n. Iwájú orí Tíṣà ló gbé sórí.

"Bùọ̀dá Dípọ̀," ni ohun tó kọ́kọ́ sọ, "ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

Mo ní èmi ni.

Ó jókòó. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kó kọ̀ǹpútà sí ilé ìkàwé àdúgbò òun ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni òun ń lọ síbẹ̀. Òun á tẹ Igbemo. Òun á tẹ Fámúrewá. Òun á tẹ Ìyá Mojí, orúkọ tí gbogbo ìlú fi ń pe ìyá òun. Lọ́jọ́ kan tí ọkàn òun bàjẹ́, òun tẹ Àbẹ̀ní, oríkì tí bàbá òun nìkan ló ń fi pe òun. Ìrẹsì Igbemo gan-an, òun tẹ̀ ẹ́, nítorí òun àti ìyá òun ló jọ máa ń ṣa òkúta inú rẹ̀ nígbà tí òun wà ní kékeré. Nọ́ńbà tẹlifóònù péré ni òun ń wá, kí òun lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò rán ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹni tí mo rán sí i lẹ́ẹ̀kan, ó lé e. N kò tún fẹ́ kó lé ẹlòmíràn nítorí mi."

Ó ní Sátidé kan ni òun tẹ Igbemo bí òun ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé kan jáde lọ́jọ́ náà. Ó ní ayọ̀ mú òun débi pé òun pariwo nínú ilé ìkàwé, wọ́n sì ní kí òun dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni òun kà á.

Ìròyìn mi ni. Ìpínrọ̀ mẹ́rin.

Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ṣé ẹ máa dákẹ́ ni? Mo rò ó láti dákẹ́. Ìyá Ṣadé ni kò jẹ́ kó ṣeé ṣe, nítorí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀, kò sì mọ ohun tí mo ti ṣe.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni bàbá ń dúró dè. Yàrá kẹsàn-án nì, tìrẹ ni. Mo bi í pé, 'Tíṣà, kí ló dé tí ẹ ò kọ lẹ́tà sọ́mọ yìí?' Ó ní òun ti búra níwájú ẹbí pé òun ò ní wá ọ. Ó wá ní, 'Ṣùgbọ́n n kò búra pé kó má rí mi.' Ó ní òun máa kọ orúkọ ulé síbi tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo máa mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ohun tó wà lórí fàráǹdà lọ́jọ́ yẹn ló yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Hòtẹ́ẹ̀lì kọ́ ni Tíṣà ń polówó! Àlejò kan ṣoṣo ló ń pè, ó sì kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí àlejò yẹn máa tẹ̀ láì ṣìnà nínú ẹyọ kan. Èmi ló gbé báírò lé lọ́wọ́.

Mo sọ fún Mojísọ́lá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti gáréèjì dé fàráǹdà.

Kò pariwo. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Kí lẹ sọ fún un nígbà tẹ́ ẹ fagi lé Igbemo?"

Mo wò ó bóyá mo lè fò ó. N kò lè fò ó. Mo ní mo sọ pé ẹni tó bá mọ Igbemo kò nílò hòtẹ́ẹ̀lì, ilé bàbá rẹ̀ ló máa lọ.

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò purọ́, Bùọ̀dá Dípọ̀. Ilé bàbá mi náà ni mò ń wá."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹsàn-án lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi àti Ìyá Ṣadé jókòó síta. A gbọ́ ẹkún rẹ̀. A ò lè wọlé, a ò sì lè lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ni mo rí kọ́? Mo ti bi ọ̀gọ̀rọ̀ èèyàn léèrè ohun tí àjèjì ń wá. N kò bi ẹni tó ni ilé léèrè ẹni tí òun ń wá. Tí àgbàlagbà bá kọ nǹkan márùn-ún síwèé tí kò jọ ohun tí ẹ ń retí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fagi lé e, ẹ bi í pé, "Ta lẹ kọ èyí fún?" Ìbéèrè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré sí gbogbo ìbéèrè tí mo ti bi gómìnà àti kọmíṣọ́nnà láyé mi.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ní bàbá tàbí ọmọ tí ẹ ti búra pé ẹ ò ní wá, ẹ kọ̀wé sí mi ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa, ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín. N kò ní fagi lé ohunkóhun níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé irú àṣìṣe tèmi lẹ ti ṣe rí, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń gbé e kiri, nítorí èmi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e.

Ní ti ohun tó kàn, mo ti lọ béèrè. Ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ní ilé ìtura náà máa wà ní títì pa, wọn ò sì ní gba àlejò kankan níbẹ̀ títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ ẹni tó ni ín. Gbóyèga ní òun ti gbé díìsìkì mìíràn, tí ọ̀rọ̀ márùn-ún Tíṣà wà nínú rẹ̀, lọ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń wá nǹkan kì í tètè padà wá wo ojú ìwé tó bá ti wò tẹ́lẹ̀, ó lè tó oṣù mélòó kan. Akọ̀wé ní ilé ẹjọ́ gíga ní Mojísọ́lá gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó wá búra pé ọmọ Fámúrewá ni òun. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tẹ orúkọ bàbá àti orúkọ ọmọ sójú ìwé kan náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó níta fún iye ọjọ́ tí òfin sọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tí yóò fi takò ó lè jáde wá sọ ọ́.